Kí Ni Atagìtá Kọ́kọ́ Ń Ta? Ìtàn Kan Láti Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ jíròrò lé lórí lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ eré létí ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ìbéèrè náà nìyí: bí wọ́n bá gbé gìtá lé atagìtá lọ́wọ́ pé kí ó dán an wò bóyá ó dára, kí ni ó kọ́kọ́ ń ta? Mi ò béèrè orin tí ó ń kọ lójú agbo o, nígbà tí àwọn èèyàn ń náwó fún un. Èyí tí ọwọ́ rẹ̀ bọ́ sí kí ọkàn rẹ̀ tó ronú ni mo ń béèrè.

Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ mìíràn ná. Aránṣọ tó fẹ́ ra ẹ̀rọ ìránṣọ yóò mú èékù aṣọ kan, yóò sì rán ojú rírán kan gbọọrọ kọjá lórí rẹ̀. Akọ̀wé tó ń dán bírò wò yóò kọ orúkọ ara rẹ̀, tàbí kí ó máa fa òbírí kiri lórí ìwé. Kò sí ẹni tó ń tọ́jú èékù aṣọ yẹn tàbí ìwé yẹn. Síbẹ̀, bí ẹ bá fi ojú inú wò ó, ẹ ó rí i pé ohun tí a ń ṣe láìronú ni ó máa ń pẹ́ jù lọ́wọ́ ẹni. Orin agbo, olórin a máa yí i padà nítorí olówó, nítorí òǹwòran, nítorí àṣà ìgbà. Ohun tí ó fi ń dán gìtá wò, kò tà á fún ẹnikẹ́ni, nítorí náà kò rí ìdí tí yóò fi yí i padà. Olùkọ́ rẹ̀ ni ó fi í sí i lọ́wọ́; ẹlòmíràn ni ó sì ti fi í sí olùkọ́ náà lọ́wọ́. Bí a bá tọ ipasẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn, a ó dé ibi tí ìwé ìtàn kò dé.

Ohun tí mo rí ní Ìkàrẹ́

Ó ti tó ọdún mélòó kan báyìí tí mo jókòó ní ọ̀sán ọjọ́ kan sí ìsọ̀ ẹnì kan tó ń ta ohun èlò orin ní Ìkàrẹ́ Àkókó, kò jìnnà sí ọjà. Àwọn ìjọ ni oníbàárà rẹ̀ jù lọ: wọ́n ń ra ìlù, dùùrù oníná, ẹ̀rọ gbohùngbohùn àti gìtá. Ọ̀rọ̀ mìíràn ni mo bá lọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí mo rí kò jẹ́ kí n tètè dìde.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan kọ́kọ́ wọlé. Ó gbé gìtá, kò yẹ okùn kankan wò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí fi ọwọ́ ra gbogbo okùn náà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó lọ, ó bọ̀, ó tún lọ, ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gbé orin ìyìn ní ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ọ̀dọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹnì kejì dé, ọkùnrin tó ti lé ní ogójì ọdún. Òun fi ìka ta okùn kan ṣoṣo, ó ń tún gbólóhùn kúkúrú kan ta léraléra, ó sì ń mi orí. Gbogbo ẹni tó bá ti gbọ́ jùjú rí ló mọ̀ pé ibi tí gìtá tó ń gbe orin lẹ́sẹ̀ ti máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kí olórin tó ya ẹnu.

Ẹnì kẹta ni ó mú mi dúró. Bàbá àgbàlagbà kan ni, ó wá láti Ọ̀kà, ó ń bá ọmọ ọmọ rẹ̀ wo gìtá tí wọ́n fẹ́ rà. Ó jókòó kí ó tó gbà á. Ó ta okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ́kọ̀ọ̀kan láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó gbé etí lé e, ó lọ́ ìṣó méjì láti fi okùn wọn sí ohùn. Lẹ́yìn náà ni àtàǹpàkò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí rìn lórí okùn olóhùn ìsàlẹ̀, tí ìka ìfábẹ̀là sì ń dá a lóhùn lórí àwọn okùn olóhùn òkè. Ìka méjì péré ni ó ń lò, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá wo ọwọ́ rẹ̀ yóò rò pé ẹni méjì ló ń ta á. Mo bi í pé, "Bàbá, kí ni ẹ ń ta yẹn?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ti Gánà ni. Òun ni a fi ń mọ̀ bóyá gìtá gbọ́ ọ̀rọ̀."

Ó sọ fún mi pé ọwọ́ bàbá aránṣọ kan tó ti Gánà bọ̀ ni òun ti kọ́ ọ nígbà èwe, àti pé aránṣọ náà kò sọ orúkọ orin náà fún òun rí. Mo tọrọ àyè láti wá bá a ní Ọ̀kà pẹ̀lú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀. Ó ní kí n máa bọ̀. Ẹ jẹ́ kí n dá ọ̀rọ̀ náà dúró níbẹ̀. N óò padà sí i.

Ọ̀nà orí omi

Kí ni "ti Gánà" yìí? Nígbà tí mo gbọ́ àwọn àwo àtijọ́ láti Gánà lẹ́yìn náà ni ó tó yé mi. Ohun tí ọwọ́ bàbá náà ń ta kò jìnnà sí ìlànà tí àwọn ará Gánà ń pè ní Yaa Amponsah. Orúkọ obìnrin ni. Yaa ni àwọn Akan ń sọ ọmọbìnrin tí wọ́n bí ní Ọjọ́bọ̀. Ní ọdún 1928, àwọn ọkùnrin mẹ́ta tí wọ́n ń pe ara wọn ní Kumasi Trio lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì gbé orin náà sí inú àwo fún ilé iṣẹ́ Zonophone. Olórí wọn ni Kwame Asare, tí a tún mọ̀ sí Jacob Sam. Láti ìgbà náà ni orin yìí ti di ibi tí ọ̀pọ̀ ọmọ ìkọ́ṣẹ́ gìtá ní Gánà ti ń bẹ̀rẹ̀, bí ọmọ ilé ìwé wa ti ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú a-b-d.

Ṣùgbọ́n Asare pàápàá, ọwọ́ ẹlòmíràn ni ó ti kọ́ títa gìtá. Atukọ̀ ará Làìbéríà kan ni ó kọ́ ọ, ọ̀kan nínú àwọn Kru. Àwọn Kru yìí ni àwọn ọkọ̀ òyìnbó máa ń gbà sí iṣẹ́ ní gbogbo etíkun wa, láti Freetown títí dé Èkó àti síwájú sí i. Dùùrù kò ṣeé gbé wọ ọkọ̀ fún òṣìṣẹ́ lásán, ṣùgbọ́n gìtá ṣeé gbé kọ́ èjìká. Lórí ọkọ̀ wọ̀nyẹn, àti ní ilé ẹlẹ́mu tí ó wà ní ẹ̀bá èbúté, ni wọ́n ti fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀là kọ́ gìtá òyìnbó ní ìṣe aláwọ̀ dúdú. Ọ̀nà ìka méjì tí bàbá Ọ̀kà ń lò nìyẹn.

A gbọ́ pé bàbá Asare kò fẹ́ kí ọmọ òun ta gìtá, nítorí ó ka àwọn onígìtá sí ọ̀mùtí. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ wà níbí, ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́: mélòó nínú àwọn òbí wa ni kò sọ bẹ́ẹ̀ rí? Orúkọ tí a fún orin náà, orin ẹlẹ́mu, ti fi ibi tí wọ́n ti ń ta á hàn. Ọ̀pọ̀ ilé ni wọ́n ti fọ́ gìtá mọ́ ọmọ lórí. Ìdí kan pàtàkì nìyí tí ìtàn rẹ̀ kò fi sí nínú ìwé: àwọn tó mọ ìwé kọ kì í fẹ́ kí a rí wọn ní ìdí ẹmu.

Èkó gbà á, ó sì sọ ọ́ di Yorùbá

Ní Èkó, gìtá bá àwọn Sàró, àwọn Àgùdà àti àwọn ọmọ onílẹ̀. Irewolede Denge wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi gìtá kọrin Yorùbá sínú àwo. Tunde King, tí a bí ní Èkó ní ọdún 1910, ni a sábà máa ń pè ní ẹni tó fi ìdí orin jùjú múlẹ̀. Ní ọdún 1936 ni àwo rẹ̀ jáde lábẹ́ ilé iṣẹ́ Parlophone. Ní ìgbà náà, ẹgbẹ́ jùjú kò ju ẹni mẹ́ta mẹ́rin lọ: gìtá tàbí báńjò kan, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kan, ìlù kékeré olójú awọ kan, àti ohùn.

Ohun méjì ni ó wá ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún méjì, tí ó yí iṣẹ́ ọwọ́ atagìtá padà. Ní ọdún 1948 ni Akanbi Ege mú gángan wọ inú jùjú. Ní ọdún 1949 ni Ayinde Bakare so gìtá mọ́ ẹ̀rọ tí ń gbé ohùn sókè. Ẹ wo bí ọ̀ràn náà ti rí: bí gángan bá wọlé tí gìtá kò sì ní iná, ta ni yóò gbọ́ gìtá? Nígbà tí gìtá wá ní iná, ó lè dúró ní ẹ̀gbẹ́ ìlù tó ń sọ̀rọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Níbí ni iṣẹ́ tèmi, iṣẹ́ olùkọ́ èdè, ti kan ọ̀rọ̀ yìí. Gbogbo wa la mọ bí olùkọ́ ṣe ń fi dò, re, mí kọ́ ọmọ ní ohùn ìsàlẹ̀, ohùn àárín àti ohùn òkè. Okùn gìtá lè sọ dò, re, mí dáadáa. Ohun tí kò rọrùn fún un ni yíyọ́ láti ohùn kan bọ́ sí èkejì, bí onídùndún ti ń fún ọṣán tí ohùn ìlù ń gòkè bọ̀ wálẹ̀. Nítorí náà ni atagìtá jùjú ṣe ń yan gbólóhùn kúkúrú, tí ó sì ń tún un sọ. Àsọtúnsọ náà ni ó ń jẹ́ kí etí wa ka ọ̀rọ̀ sínú rẹ̀. Nígbà tí King Sunny Ade mú gìtá onírin tí a ń tẹ́ sílẹ̀ ta wọ inú ẹgbẹ́ rẹ̀, tí Demola Adepoju ń ta á, a rí gìtá tó lè yọ́ bí ìlù. Ẹnì kejì tí mo rí ní Ìkàrẹ́, tí ó ń ta okùn kan ṣoṣo, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ yìí ni. Ọwọ́ rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ kí ó tó kọrin.

Bí ó ṣe dé Àkókó

Àwọn ènìyàn máa ń rò pé Èkó ni gbogbo orin wọ̀nyí wà, pé ìlú òkè kàn ń gbọ́ ọ ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Agbègbè tí ó di Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní ọdún 1976 kún fún àwọn olórin onígìtá: Theophilus Iwalokun láti Ìlàjẹ, Dele Ojo láti Ìlárá-Mọ̀kín, Orlando Owoh tí orírun rẹ̀ jẹ́ Ifọ́n, Sunny Ade ọmọ Oǹdó. Ìkàrẹ́ jẹ́ ìlú ọjà, ó wà lójú ọ̀nà tí ó lọ sí ìhà Kàbà. Ohun tó bá ń kọjá lọ láàárín gúúsù àti àríwá, ó lè yà síbẹ̀. Ọ̀kà wà lórí òkè, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ kì í jókòó sórí òkè. Wọ́n ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń ṣòwò káàkiri.

Ọ̀nà Gánà sì ń kọ́? Ọ̀pọ̀ Yorùbá ló ti fi Gold Coast ṣe ilé tipẹ́tipẹ́, pàápàá àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ẹ̀jìgbò, Ọ̀fà àti Ìlọrin. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ènìyàn wa padà wálé pẹ̀lú ìwọ̀nba ẹrù tí wọ́n lè gbé. Ẹlòmíràn fi ilé sílẹ̀, ẹlòmíràn fi ìsọ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà ní ọwọ́, aṣọ́bodè kò lè gbà á. Bí bàbá aránṣọ tó kọ́ ẹni Ọ̀kà yẹn bá wà lára wọn, a jẹ́ pé àṣẹ ìjọba kan ní Accra ni ó gbé orin atukọ̀ Kru dé orí òkè Ọ̀kà.

Ẹ má gbàgbé irú ibi tí Àkókó jẹ́. Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà ń sọ ẹ̀ka-èdè Yorùbá, ṣùgbọ́n bí ẹ bá rìn díẹ̀ dé Àrìgìdì, Akùnnù, Ìṣùà tàbí Ẹ̀pinmì, ẹ ó gbọ́ èdè tí kì í ṣe Yorùbá rárá. Àwọn ìlú tó múlé ti ara wọn lè má gbọ́ ọ̀rọ̀ ara wọn. Ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ohun tí ọwọ́ méjì lè jọ ta láìsọ̀rọ̀ kì í ṣe nǹkan kékeré. Ọmọ Ìṣùà àti ọmọ Ìkàrẹ́ lè jókòó sórí àga kan, kí ọ̀kan ta okùn ìsàlẹ̀, kí èkejì ta ti òkè, kí wọ́n sì yé ara wọn kí ẹnikẹ́ni tó sọ "ẹ káàsán".

Ta ni ó ni ín?

Ó kù ọ̀rọ̀ kan tí ó le. Ohun tí gbogbo ọwọ́ ń ta, ta ni ó ni ín? Àwọn ará Gánà ti dojú kọ ìbéèrè yìí. Òfin tí wọ́n ṣe ní ọdún 1985 fi iṣẹ́ ọnà ìbílẹ̀ sí ìkáwọ́ ìjọba, kí ó máa tọ́jú rẹ̀ fún gbogbo ọmọ ìlú. Nígbà tí Paul Simon, olórin ará Amẹ́ríkà, lo ìlànà Yaa Amponsah nínú àwo tí ó gbé jáde ní ọdún 1990, ìjọba Gánà dìde láti béèrè ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀. Àríyànjiyàn sì ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn ọmọ Gánà fúnra wọn: ṣé ti àwọn ọkùnrin mẹ́ta ọdún 1928 ni, tàbí ti gbogbo ènìyàn? Bí ó ti wù kí ó rí, wọ́n ní orúkọ tí wọ́n lè pè é, wọ́n ní àwo tí wọ́n lè tọ́ka sí, wọ́n sì ní ọdún.

Àwa náà ní òfin. Ti ọdún 1988 dárúkọ iṣẹ́ ọnà ìbílẹ̀, èyí tó rọ́pò rẹ̀ ní ọdún 2022 náà sì dárúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni a fẹ́ gbé lọ síwájú adájọ́? Gbólóhùn kúkúrú tí ọmọ jùjú ń ta láti dán gìtá wò, kí ni orúkọ rẹ̀? Ta ni ó kọ́kọ́ ta á? Ó ṣòro fún òfin láti dáàbò bo ohun tí a kò kọ sílẹ̀.

Àwọn kan lè takò mí pé ìran mìíràn náà ń ta ohun kan náà láìbìkítà. Lóòótọ́ ni. Ní Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà, ẹni tó bá wọ ìsọ̀ gìtá yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ "Smoke on the Water", orin ọdún 1972, tàbí "Stairway to Heaven", orin ọdún 1971, títí ó fi di ohun ẹ̀rín. Nínú sinimá kan tó jáde ní ọdún 1992, wọ́n tilẹ̀ lẹ ìkìlọ̀ mọ́ ògiri ìsọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ta èkejì níbẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ olórin, wọ́n mọ àwo, owó rẹ̀ sì ń wọlé fún ẹni tó ni ín. Àwọn lè fi tiwọn ṣe ẹ̀rín. Àwa kò tíì ka tiwa.

Ẹlòmíràn yóò ní ọmọ ìsinsìnyí ti gbàgbé ti Gánà àti ti jùjú, pé orin ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ni ọwọ́ wọn mọ̀. Èmi kò bá ọmọ náà wí. Ohun tí olùkọ́ rẹ̀ fi sí i lọ́wọ́ ni ó ń ta, gẹ́gẹ́ bí bàbá Ọ̀kà ti ń ta èyí tí aránṣọ fi sí i lọ́wọ́. Àwọn onílù wa a máa júbà Àyàn kí wọ́n tó lù. Atagìtá ń júbà olùkọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ohun tí ó kọ́kọ́ ta, bí kò tilẹ̀ mọ orúkọ olùkọ́ olùkọ́ náà.

Mo ṣèlérí pé n óò padà sí ọ̀rọ̀ bàbá Ọ̀kà. Iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ ká mi lọ́wọ́kò, ìdánwò wọlé, mo ń sọ pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, oṣù tó ń bọ̀. Nígbà tí mo gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ dé Ọ̀kà, wọ́n ti sin bàbá. Ọmọ ọmọ rẹ̀ gbé gìtá náà jáde fún mi. Mo ní kí ó dán an wò. Ó fi ọwọ́ ra gbogbo okùn pọ̀, bí wọ́n ti ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo bi í bóyá ó mọ ti bàbá àgbà. Ó gbé àtàǹpàkò lé okùn ìsàlẹ̀, ó ta á dé ìlàjì, ó dúró, ó ní, "Ibi tí mo mọ̀ ọ́n dé nìyẹn, sà." Ìlàjì yẹn ni ó wà nínú ẹ̀rọ mi.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ìdí nìyí tí mo fi mú ọ̀rọ̀ yìí wá. Iṣẹ́ tí mo ń bẹ̀ yín sí kò gba owó. Bí ẹ bá padà sí ìlú yín ní ìsinmi, ẹ wá àgbà onígìtá kan rí, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: kí ni ọwọ́ yín kọ́kọ́ ń ta? Ta ni ó kọ́ yín? Níbo ni ẹni náà ti kọ́ ọ? Ẹ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ẹ kọ ọjọ́ àti ìlú sí i, ẹ sì tọ́jú rẹ̀ sí ilé ìkàwé ilé ẹ̀kọ́ yín. Ẹ má sọ pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Mo fi ibẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀ fún ìjíròrò, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a kọ́kọ́ dáhùn ni èyí: bí ọmọ Ọ̀kà bá fi ohun tí atukọ̀ Kru dá sílẹ̀, tí ará Gánà sọ lórúkọ, dán gìtá wò, ṣé orin àlejò ni ó ń ta, tàbí orin ilé?